Òkè Orí Gan-an Ni Kí Ẹ Wò

Ọdún méjì gbáko ni mo fi bú awò tí kò ṣẹ̀ mí. Èkó ni mo ń gbé nígbà náà, báńkónì mi kọjú sí títì. Awò awọ̀nàjíjìn tí mo rà láti fi wo ìràwọ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí rẹ̀ pé ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 525. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ kò ju kùrukùru funfun tó ń gbọ̀n bí ewé lójú omi. Mo ní wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Ìgbà tí mo kó wá sí Abẹ́òkúta ni mo tó mọ̀ pé ibi tí kò yẹ ni mo ń wò, ní wákàtí tí kò yẹ. Owó tí mo ná sórí àìmọ̀ yẹn ni n kò fẹ́ kí ẹlòmíràn ná mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí 525 yẹn, torí páálí bẹ́ẹ̀ ṣì pọ̀ lọ́jà. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n ń kọ sára irú awò yìí: 70 àti 700. 70 ni fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ ní mìlímítà, 700 sì ni bí ìmọ́lẹ̀ ti ń rìn jìnnà tó nínú rẹ̀ kó tó kó jọ sójú kan. Áípíìsì ni awò kékeré tí à ń kì bọ ìdí rẹ̀, tí à ń fojú sí. Ẹ fi nọ́ńbà ara áípíìsì pín 700: oní-20 yóò fún yín ní ìlọ́po 35, oní-4 yóò fún yín ní 175. Ọ̀pá kékeré kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Barlow, tó ń sọ ohun gbogbo di ìlọ́po mẹ́ta. 175 lọ́nà mẹ́ta, ó di 525. Ìṣirò náà pé o, ẹnu awò ni kò gbà á. Mìlímítà kan ẹnu awò kì í gbé ju ìlọ́po méjì lọ, nítorí náà awò oní-70 kò gbọdọ̀ kọjá 140, alẹ́ tí afẹ́fẹ́ bá dúró jẹ́ẹ́ nìyẹn pàápàá. Ohun tó bá lé ní ìyẹn dà bí ìgbà téèyàn ń fi omi la ọbẹ̀: abọ́ ń kún sí i, adùn ń lọ. Barlow yẹn, ẹ dá a padà sínú páálí. Oní-20 ni kí ẹ fi wá nǹkan, tí ẹ bá rí i tán kí ẹ tó bọ́ sí oní-10.

Bí dígí dúdú kékeré kan bá wà nínú páálí yẹn tí wọ́n ní ẹ fi máa wo oòrùn, tó sì jẹ́ pé ara áípíìsì ni wọ́n ní kí ẹ dè é mọ́, ẹ fọ́ ọ dànù lọ́jọ́ náà. Ẹnu awò ti kó gbogbo ooru oòrùn jọ kó tó dé ara dígí yẹn. Ó lè sán lójijì, ojú á sì ti lọ kí ọwọ́ tó gbéra. Dígí oòrùn tó ṣeé gbára lé, iwájú awò ló ń bò.

Àṣìṣe kejì tún gbówó jù ú lọ. Mo gbọ́ pé dígí kan wà tó ń yọ iná ìlú kúrò lójú àwòrán, mo sì rà á. Kò yọ nǹkan kan. Kí ẹ tó lè mọ ìdí rẹ̀, ẹ ní láti mọ ohun tó ń sọ sánmà di funfun. Iná tí a tàn sílẹ̀ kì í dúró sílẹ̀. Èyí tó bá gòkè á kan eruku àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, á fọ́n, ìdá kan nínú rẹ̀ á sì padà sọ́dọ̀ wa. Ọ̀rinrin òkun kò jẹ́ kí ti Èkó kéré. Nígbà tí iná títì ṣì jẹ́ èyí tó ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àwọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, dígí lè dá a mọ̀ kó sì dá a dúró. Iná LED funfun tí a ń lò báyìí ní gbogbo àwọ̀ nínú, kò sí bí dígí ṣe máa yọ ọ́ tí kò ní yọ ìràwọ̀ náà mọ́ ọn. Àwọ̀ búlúù tó wà nínú rẹ̀ tún máa ń fọ́n ju pupa lọ.

Ṣùgbọ́n iná ìlú kì í pa gbogbo ohun tó wà lókè. Ká ní mo tètè mọ èyí ni, n kò bá má fi oṣù mẹ́ta wá Andromeda, agbo ìràwọ̀ tó jìnnà réré, láti orí báńkónì. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fọ́n ká bí èéfín, bí Andromeda àti Milky Way, ọ̀já ìràwọ̀ tó la sánmà kọjá, òun ni iná ìlú ń gbé mì. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kó jọ sójú kan, iná títì ò lè ṣe é ní nǹkan: òṣùpá, Jupiter, Saturn, ìràwọ̀ tó jẹ́ ìbejì. Awò olójú méjì 10x50 (ìlọ́po 10, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 50) ti tó láti fi rí òṣùpá mẹ́rin tó ń yí Jupiter ká, bí ẹ bá ti lè gbé ìgbọ̀nwọ́ yín lé ohun tó dúró. Ní ìlọ́po 35, òrùka Saturn á hàn bí etí kékeré méjì. Albireo, tí ojú lásán ń rí bí ẹyọ kan, á pín sí méjì, ọ̀kan pọ́n bí oyin, ìkejì búlúù. Àwọn àgbà ní Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Bí Àgùàlà, tí òyìnbó ń pè ní Venus, bá súnmọ́ ilé ayé, tó sì ń wọ̀ láìpẹ́ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ lálẹ́, ẹ fi awò wò ó. Yóò rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ajá àti olówó rẹ̀ á wá jọra wọn.

Mo dé Abẹ́òkúta, mo ní mo ti bọ́. Alẹ́ àkọ́kọ́, ibi gíga kan nítòsí Olúmọ ni mo gbé awò lọ, nítorí mo rò pé bí mo bá ti gòkè tó ni màá súnmọ́ ìràwọ̀ tó. Àṣìṣe pátápátá ni. Ẹni tó bá wà lókè ń rí gbogbo gílóòbù tó wà nísàlẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì ní ráyè mọ́ òkùnkùn lára. Àpáta yẹn tún ti mu oòrùn láti àárọ̀, ó ń tu ú jáde fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn tílẹ̀ ti ṣú. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń ti ara rẹ̀ gòkè ló ń jẹ́ kí Jupiter máa jó bí iná àbẹ́là. Bẹ́ẹ̀ náà ni dẹ́kìn kọ̀ǹkéré. Páànù tó pọ́n lórí ilé Ìtọ́kò àti Aké tètè ń tutù ní tirẹ̀, àmọ́ ooru inú yàrá ń gba àárín rẹ̀ jáde, nítorí náà ẹ má ṣe gba orí òrùlé aládùúgbò wo nǹkan kí aago mẹ́wàá tó lù. Ilẹ̀ tí koríko hù sí, tí ilé tàbí ògiri ṣíji bò, ló dára jù. Ẹ̀yìnkùlé mi, láàárín ìgbọ̀nsẹ̀ àtijọ́ àti igi máńgòrò, ló wá di ibùdó. Kò dùn-ún wò, ṣùgbọ́n gílóòbù kankan kì í rí mi níbẹ̀.

Ibi tí mo kọjú sí tún kù. Ìwé tí mo ń kà, àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ ọ́ fún. Wọ́n ní kéèyàn kọ́kọ́ wá Polaris, ìràwọ̀ àríwá. Abẹ́òkúta fi nǹkan bíi dígírì 7 péré wà lókè ìlà tó pín ayé sí méjì, iye dígírì yẹn náà ni Polaris sì fi ga lójú ọ̀run wa. Ẹ na ọwọ́ yín tán, kí ẹ di ẹ̀ṣẹ́: fífẹ̀ ẹ̀ṣẹ́ yẹn tó dígírì 10. Polaris kò ga tó ẹ̀ṣẹ́ kan láti ilẹ̀. Ẹ̀yìn igi àti eruku ló ń gbé. Mo yí padà sí gúúsù láti wá Àgbélébùú Gúúsù, àwọn ìràwọ̀ tó tò bí àgbélébùú, tí àárín rẹ̀ kì í ga ju nǹkan bíi dígírì 23 lọ, ẹ̀ṣẹ́ méjì àti díẹ̀. Sánmà ibẹ̀ pọ́n bí ìgbà tí igbó ń jó lókèèrè. Iná Èkó nìyẹn. Ó tó nǹkan bí ọgọ́rin kìlómítà síbí, Ọ̀tà sì wà láàárín, síbẹ̀ ó tẹ̀lé mi wálé.

Alẹ́ ọjọ́ kan tí ọrùn ń dùn mí ni mo tẹ́ ẹní sílẹ̀ tí mo dùbúlẹ̀ gbalaja. Mo rí i pé sánmà ojú mi dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ dáadáa. Ẹ tú u wò. Ẹni tó ń wo òkè orí rẹ̀ tààrà, ìpele afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo ló ń gbà wò. Ní dígírì 30 láti ilẹ̀, ó ti di ìlọ́po méjì. Ní dígírì 10, ó ti lé ní ìlọ́po márùn-ún. Gbogbo eruku, ọ̀rinrin àti iná tí ń bẹ nínú afẹ́fẹ́ yẹn ni ojú yín ń gbà kọjá. Iná ìlú gbogbo ló jókòó yí ẹ̀gbẹ́ sánmà ká, ó sì fi àárín sílẹ̀.

Àárín yẹn gan-an ni ọ̀run fi ta àwa ará ibí lọ́rẹ. Betelgeuse, ìràwọ̀ pupa èjìká Orion (àwọn ìràwọ̀ tó tò bí ọdẹ), ń gba òkè orí Abẹ́òkúta kọjá. Kò fi ju ìdajì òṣùpá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ní nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù kìíní, ó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá alẹ́ lù ló ń dé ibẹ̀. Tó bá di ogúnjọ́ oṣù kejì, ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án lù. Sirius tí àwọn kan nínú àgbà ń pè ní ìràwọ̀ ọkọ̀ wà nítòsí rẹ̀, ó ga tó dígírì 66. Ìkùukùu tó wà nísàlẹ̀ ìgbànú Orion mọ́lẹ̀ débi pé iná ìlú ò lè pa á tán, ìlọ́po 35 á fi hàn bí èémí ẹnu tó lẹ̀ mọ́ dígí. Ìràwọ̀ Altair náà ń gba òkè orí kọjá nírọ̀lẹ́ oṣù kẹwàá. Ọ̀nà tí òṣùpá àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ń tọ̀ kì í sì í jìnnà sí òkè orí wa. Àwọn tó kọ ìwé wọ̀nyẹn ń rí Saturn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé ní ọdún mìíràn, àwa ń rí i lókè téńté.

Láti ìgbà yẹn, awò olójú méjì ni mo ń kọ́kọ́ gbé, ohun náà ni mo sì máa ń sọ pé kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ rà. Ẹni tó dùbúlẹ̀ lórí ẹní lè wo òkè títí tí ọrùn ò ní dùn ún. 10x50 ni kí ẹ bèèrè, kì í ṣe 7x50. Ẹ fi 10 pín 50, ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde sójú yín fẹ̀ ní mìlímítà 5. Ti 7x50 fẹ̀ tó 7, sánmà tó ti funfun tẹ́lẹ̀ á tún wá funfun sí i. Òfin kan náà ló wà nídìí áípíìsì: bí ẹ bá ti 35 bọ́ sí 70, sánmà ẹ̀yìn á ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ tó jẹ́ ojú kan ṣoṣo á ṣì máa tàn. Ìdì ìràwọ̀ tí ẹ ò rí ní 35 lè yọjú ní 70.

Ìràwọ̀ méje, èyí tí Bíbélì Yorùbá dárúkọ mọ́ Orion nínú ìwé Ámósì, ni mo fi ń wọn alẹ́. Bí mo bá ka mẹ́rin pẹ̀lú ojú lásán, òṣùpá àti pílánẹ́ẹ̀tì nìkan ni iṣẹ́ ọjọ́ náà. Bí mo bá ka mẹ́fà, mo máa ń pẹ́ níta.

Kí ẹ tó kà á, ẹ jẹ́ kí ojú yín mọ́ òkùnkùn lára. Ó ń gba ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, fóònù tí ẹ sì yẹ̀ wò fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì lè ba púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́. Ẹ fi ọ̀rá pupa ìlọ́po méjì bo ojú fóònù, kí ẹ sì dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù dé ìsàlẹ̀. Stellarium, áàpù tó ń fi ibi tí ìràwọ̀ wà hàn, ṣeé gbà sórí fóònù láìsanwó, ó sì ní àyè tí gbogbo rẹ̀ ti ń di pupa. Ohun tó bá ṣókùnkùn, ẹ má wò ó ní ojúkojú, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀. Àárín ojú mọ àwọ̀, ẹ̀gbẹ́ ojú ló mọ òkùnkùn.

Iná tó ń bà á jẹ́ jù kì í ṣe ti Èkó o, gílóòbù ara ògiri aládùúgbò ni. Mo ra aṣọ dúdú ọ̀pá méjì ní Ìtọ́kò, mo ń dà á borí pẹ̀lú ìdí awò. Kò sí ohun tí mo rà lẹ́yìn ìgbà náà tó ṣe tó o. Àmọ́ ẹni tó da aṣọ dúdú borí lóru, tó tún gbé ọ̀pá gígùn kan dání, ó yẹ kó ti sọ fún ará àdúgbò tẹ́lẹ̀. Èmi ò sọ. Bàbá ọdẹ tanná lé mi lójú láago kan òru.

"Ta nìyẹn? Ṣé èèyàn ni àbí eégún?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìràwọ̀ ni mò ń wò."

"Ìràwọ̀ wo ló wà nínú páìpù?"

Mo ní kí wọ́n pa tọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n wá wo Jupiter. Wọ́n dákẹ́ pẹ́, wọ́n wá bèèrè bóyá àwọn òṣùpá kéékèèké yẹn náà ń wọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ni wọ́n bá mi sọ fún onílé kejì pé kó yí gílóòbù rẹ̀ kọ sílẹ̀. Nínú ìpàdé onílé ni ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ gba ọ̀nà yẹn. Tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ má tíì yọ̀, ìṣẹ́jú méjì ni jẹnẹrétọ̀ yóò fi dáhùn. Aago kan òru sí mẹ́rin ni òkùnkùn tòótọ́, nígbà tí epo bá ti tán tí ṣọ́ọ̀bù sì ti kógbá.

Ojú ọjọ́ ńkọ́? Ẹni tó bá ra awò ní Òkúdù, páálí ni yóò máa wò títí Ọ̀wàrà yóò fi dé. Òpin oṣù kẹwàá sí àárín oṣù kọkànlá ló dára jù, nígbà tí òjò ti ń lọ tí ọyẹ́ kò sì tíì gbé eruku Sàhárà dé. Bí ọyẹ́ bá wá le, ẹ̀gbẹ́ sánmà á kú pátápátá, òkè orí nìkan ló kù. Alẹ́ tó tẹ̀lé òjò ńlá àkọ́kọ́ lóṣù kẹta tàbí ìkẹrin náà kì í ṣeé fi sùn, nítorí òjò ti fọ eruku wálẹ̀.

Ìrì á bo dígí láàárín òru. Ẹ má nù ún, abẹ̀bẹ̀ ni kí ẹ fi fẹ́ ẹ. Kó má tilẹ̀ dé rárá, ẹ ká páálí sí ẹnu awò kó yọ síwájú ní ìlọ́po kan àbọ̀ fífẹ̀ rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá àbọ̀ fún oní-70. Ẹ fi ìwé dúdú tí kì í dán bo inú rẹ̀, yóò tún dá iná ẹ̀gbẹ́ dúró. Ìpara ẹ̀fọn ń jẹ ike, ó sì ń ba ojú dígí jẹ́, ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó gbá awò mú. Ẹ má fa ẹsẹ̀ mẹ́ta awò jáde tán, kí ẹ sì so ìgò omi lítà kan àbọ̀ mọ́ àárín rẹ̀ kó má baà gbọ̀n. Awò kékeré ẹ̀gbẹ́ tí a fi ń wá nǹkan, ọ̀sán ni kí ẹ ti tún un ṣe: ẹ fi awò ńlá mú orí òpó fóònù tó jìnnà, kí ẹ yí ìdè awò kékeré títí òun náà yóò fi mú un, kí ẹ sì rí i dájú pé oòrùn wà lẹ́yìn yín. Èbu ń hù lójú dígí lọ́dọ̀ wa bí òwú aláǹtakùn, kì í sì í jáde mọ́ láìfi àmì sílẹ̀. Ike onídérí tó fún dáadáa ni kí ẹ fi pa awò mọ́, pẹ̀lú àpò kéékèèké tí ń fa omi, irú èyí tó ń wà nínú páálí bàtà.

Nígbà tó yá, mo máa ń gba ọ̀nà Odẹ́dà lọ sókè, kí iná Abẹ́òkúta àti ti Èkó lè jọ wà lẹ́yìn mi. Àríwá níbẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n Àgbélébùú Gúúsù ṣì wà nínú iná, kò sì sí bí mo ṣe lè fi ìrìnàjò yẹn yanjú rẹ̀, torí pé gúúsù ni Èkó wà sí wa.

Ibi tó yanjú rẹ̀ ni mo ti kúrò. Ní etíkun Èkó, ẹni tó bá kọ ẹ̀yìn sí ìlú tó kọjú sí òkun, kò sí ìlú kankan mọ́ níwájú rẹ̀ títí dé yìnyín Antarctica. Ní àárín oṣù karùn-ún, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àbọ̀ alẹ́, bí òjò bá gbà, Àgbélébùú yẹn dúró ṣánṣán lórí omi, ìràwọ̀ méjì tó ń tọ́ka sí i wà lápá òsì rẹ̀. Báńkónì mi kọjú sí títì fún ọdún méjì, òkun wà lẹ́yìn ilé. Tí ẹ bá lọ, ẹ lọ pẹ̀lú ẹnìkejì, ẹ wá ibi tí iná ọkọ̀ ojú omi kò ti pọ̀, kí ẹ sì má gbé awò lélẹ̀ sórí yanrìn. Tí ẹ bá padà délé, iyọ̀ á ti gbẹ mọ́ ojú dígí. Ẹ kọ́kọ́ fi rọ́bà ìfakun imú ọmọ, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò, fẹ́ yanrìn kúrò, kí ẹ wá fi òwú tí ẹ rẹ sínú omi mímọ́ díẹ̀ fà á láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, òwú tuntun fún ìfà kọ̀ọ̀kan.